Òkú kì í jí láàárọ̀: ṣé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ AC ọkọ̀ yín ti bàjẹ́ lóòótọ́?

Òǹkàwé kan tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì máa ń wá sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nítorí iṣẹ́, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Toyota Corolla 2006 ni mò ń wà. Láàárọ̀, AC rẹ̀ máa ń tutù débi pé mo máa ń wọ ẹ̀wù òtútù. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán, tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road, atẹ́gùn gbígbóná ló máa ń fẹ́ sí mi lójú. Wọ́n ti rọ gáàsì sí i lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin. Ní báyìí, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ti kú, kí n lọ wá owó tòkunbọ̀. Owó náà kò sí lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀. Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo fi lè mọ̀ fúnra mi, nínú ọgbà ilé mi, bóyá kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́?"

Ẹ ṣeun, mà, tí ẹ kọ̀wé kí ẹ tó lọ yáwó. Ohun méjì ni mo rí nínú lẹ́tà yín, ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀, torí bí wọ́n ṣe lọ́ mọ́ra wọn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dojú rú. Èkíní ni pé gáàsì ń dín kù. Èkejì ni pé AC ń kú nígbà tí ara ọkọ̀ bá gbóná. Ó lè jẹ́ àìsàn kan náà ló ń fa méjèèjì, ó sì lè jẹ́ méjì tí kò bára tan. Ẹni tó ń tún un ṣe ti kó gbogbo rẹ̀ lé kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń ti gáàsì AC kiri, lórí. N kò tíì rí ọkọ̀ náà, n kò sì ní sọ pé irọ́ ló pa. Àmọ́ látinú ohun tí ẹ kọ, kò dá mi lójú rárá pé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ yín ti kú. Òkú kì í jí láàárọ̀ kó tún kú lọ́sàn-án. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tí inú rẹ̀ ti jẹ tán kì í mú ọkọ̀ tutù débi tí èèyàn yóò fi wá ẹ̀wù òtútù. Lóòótọ́, èyí tó ti ń rẹ̀ lè máa tiraka nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù kó sì kọṣẹ́ tí oòrùn bá mú, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín gan-an ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè mọ ohun púpọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe jù ni láti dá kọ̀ńpírẹ́sọ̀ láre. Láti dá a lẹ́bi pátápátá, ó di ọwọ́ ẹni tó ní géèjì méjì tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì nínú páìpù.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé AC kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru inú ọkọ̀ ló ń kó lọ dà síta. Ẹ rántí àmù ilé ìyá wa àgbà: omi inú rẹ̀ ń tutù nítorí pé omi díẹ̀ ń sun jáde lára ìkòkò, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń mú ooru dání. Iṣẹ́ tí gáàsì AC ń ṣe nìyẹn nínú kúlíǹ kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù: ó wọlé bí omi, ó hó di afẹ́fẹ́, ó sì gba ooru yín. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ yóò fà á jáde níbẹ̀, yóò fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná ju ìta lọ, yóò sì tì í lọ sínú kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀. Níbẹ̀ ni atẹ́gùn ìta yóò ti gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí gáàsì yóò tún di omi padà. Nítorí náà, bí AC kò bá tutù, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń fà kò fà mọ́. Ó lè jẹ́ pé ohun tó yẹ kó fà ni kò tó. Ó sì lè jẹ́ pé ibi tó ń da ooru sí ni kò gbà á. Ọ̀kan péré nínú mẹ́ta yìí ni ẹjọ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ gáàsì kúrò nílẹ̀ ná, torí òun ni wọ́n fi ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Gáàsì AC kì í tán bí epo bẹntiróòlù. Ọkọ̀ kì í jó o. Èyí tí wọ́n rọ sí i lọ́jọ́ kìíní náà ló ń yí ká nínú páìpù títí di òní. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè máa rá jáde lára ọ́ọ̀sì rọ́bà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gba gáàsì lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin, ó ń jò ni, kò sí àlàyé mìíràn, àfi tí ẹni tó rọ ọ́ bá rọ ọ́ láìjẹ́ pé ó dín. Ibi tó ń jò ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó rọ òmíràn. Ọ́ìlì tó ń bá gáàsì rìn ló máa ń tú àṣírí. Níbi tó bá ti ń jò, ọ́ìlì yóò rin ibẹ̀, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì di ẹ̀gbin dúdú tó rọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé páìpù, ojú kọ́ńdẹ́ńsà, àti iwájú kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí ibi tó bá ń fu yín lára, kí ẹ wò ó bóyá ìfófòó yóò máa wú. Ẹ wo ojú fáàfù méjì tí wọ́n ń gbà rọ gáàsì pẹ̀lú, bóyá ìdérí wọn ṣì wà. Mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ń gbà jò. Tí ọ́ìlì bá ti ta yí ká níwájú kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bí ẹni wọ́n ọn, síìlì ọ̀pá rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dí ojú ọ̀pá tó ń yí, ló ń jò, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ sì jẹ̀bi dé ìwọ̀n yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kúlíǹ kọ́ìlì ló ń jò, ojú yín kò lè tó o láti ilé. Àwọn tó ní àwọ̀ tó ń tàn lábẹ́ iná àrà ọ̀tọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì ló lè wá a.

Ní ti kíkú lọ́sàn-án, ẹ óò kọ́kọ́ mọ bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ṣe rí. Ara méjì ló ní. Apá ẹ̀yìn ni pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Apá iwájú ni kílọ́ọ̀ṣì: púlì tí bẹ́líìtì ń yí, kọ́ìlì wáyà tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti àwo irin pẹlẹbẹ kan tó wà níwájú pátápátá. Púlì ń yí nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bí ẹ tan AC, bí ẹ kò tan án. Ẹni tó bá nawọ́ sí púlì tó sọ fún yín pé "ẹ wò ó, ó ń yí" kò tíì sọ nǹkan kan. Àwo iwájú ni kí ẹ wò. Tí ẹ bá tan AC, kọ́ìlì yóò fa àwo náà mọ́ púlì, ẹ óò gbọ́ "tákí", méjèèjì yóò sì máa yí pọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni pọ́ǹpù ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́. Bí àwo kò bá yí, pọ́ǹpù ń sinmi ni, kò sì yẹ ká dá a lẹ́bi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé fún un.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù nìyí, ìgbà tí ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ni kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó dà bí ọmọ tí ibà rẹ̀ ń dìde lálẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù nígbà tí ara rẹ̀ ti tutù. Ẹ wà á káàkiri lọ́sàn-án títí AC yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru, kí ẹ wá wà á wọ ọgbà, ní gbangba, kì í ṣe inú gáréèjì tó padé, torí èéfín. Ẹ fi jíà sí P, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí AC sì wà ní títàn. Ẹ tú ìborùn, ẹ ká apá aṣọ, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ ibẹ̀. Lára Corolla yín, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ wà nísàlẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, níhà tí bẹ́líìtì wà. Ojú àti tọ́ọ̀ṣì nìkan ni kí ó dé ibẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi igi ti àwo náà kó lè di púlì mú. Ẹ má dán an wò. Bẹ́líìtì tó ń yí kò mọ ìka yàtọ̀ sí igi. Ẹyọ ìbéèrè kan ni ẹ fẹ́ dáhùn: ṣé àwo iwájú ń yí, àbí ó dúró?

Ká ní ó dúró. Ìròyìn rere ló ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ fún àpò yín. Ó túmọ̀ sí pé wọn kò pe kọ̀ńpírẹ́sọ̀ (iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀), tàbí pé wọ́n pè é tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò lè jẹ́. Ẹni tó bá ní mítà tí àwọn réwáyà ń lò ni yóò sọ èwo ni, ọmọ ilé yín tó bá kọ́ fíṣíìsì náà lè ṣe é. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó so ẹnu mítà mọ́ wáyà tó wọ kọ́ìlì, kí wọ́n sì tan án padà láti kà á. Tí iná bí 13 sí 14 fóltì (volt) bá wà níbẹ̀ tí àwo ṣì dúró, wọ́n pè é, kò jẹ́. Tí kò bá sí iná rárá, ẹ wo fíúsì AC, ẹ wo rílè rẹ̀ (àpótí kékeré tó ń tan iná sí kílọ́ọ̀ṣì tó sì ń pa á). Nínú àpótí fíúsì Toyota, rílè AC sábà máa ń rí bákan náà pẹ̀lú òmíràn nínú àpótí yẹn. Tí nọ́ńbà ara wọn bá bára mu, ẹ pààrọ̀ wọn fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ wò ó. Tí fíúsì àti rílè bá pé, ẹ fura sí gáàsì. Ṣíìṣì (switch) kan wà lójú páìpù tí kì í jẹ́ kí wọ́n pe kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tí agbára gáàsì bá ti lọ sílẹ̀ sí bíi 28 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára náà), tàbí tó bá ti ga tó bíi 450 psi. Ààbò ló wà fún, kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ má baà ṣiṣẹ́ láìní ọ́ìlì tàbí kó bẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wáyà fo ṣíìṣì yìí kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí iná bọ́tìnnì AC bá sì ń ṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ló fi ń sọ pé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kò bá ẹ́ńjìnnì yí dọ́gba: ó lè ti há, ó sì lè jẹ́ bẹ́líìtì ló ń yọ̀, tàbí àwo ló ń yọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ jù nìyí, torí ó bá àìsàn tí ẹ ṣàpèjúwe mu: iná dé, àwo kò fà. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín àwo àti púlì. Lára irú kọ̀ńpírẹ́sọ̀ Denso tí Toyota ń lò, ó sábà máa ń wà láàárín 0.35 sí 0.65 mílímítà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ojú irin méjèèjì ń jẹ, àlàfo ń fẹ̀. Láàárọ̀, kọ́ìlì tutù, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lágbára, ó lè fà á. Tó bá di ọ̀sán, ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò mú kí wáyà kọ́ìlì máa ṣòro fún iná láti gbà kọjá, mágínẹ́ẹ̀tì yóò rọ, àlàfo tó ti fẹ̀ yóò sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ó tán. Tí ẹ bá pa ọkọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú tó tutù, yóò tún fà. Ẹ lè wọn àlàfo yìí nílé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Bébà A4 lásán nípọn tó nǹkan bíi 0.1 mílímítà. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tò ó léra, kí ẹ máa fi bọ àárín àwo àti púlì. Tí bébà mẹ́rin sí mẹ́fà bá kún un, ó dára. Tí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ti mú olè. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́ta yí ká, torí àwo tó ti tẹ̀ máa ń fẹ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, awakọ̀ kan tó ń fi Camry kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin gbé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ wá bá mi pé kí n bá òun dè é. Ṣọ́ọ̀bù kan ti sọ fún un pé tirẹ̀ ti kú. Ní àárọ̀ yẹn AC rẹ̀ tutù nini. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọ̀sán. Nígbà tí aago méjì lù, àwo dúró, iná sì wà lójú wáyà pé pérépéré. Mo wọn àlàfo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà kan. Mo tú nọ́ọ̀tì àárín, mo yọ wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lẹ́yìn àwo, mo dá a padà. Gáàsì kankan kò jáde, torí kílọ́ọ̀ṣì kò sí lójú ọ̀nà gáàsì. Ó dá kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó rà padà sí ọjà Ararọ̀mí ní Gate. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí kò bá sí wáṣà tó ṣeé yọ mọ́, tàbí tí ojú àwo ti jó di búlúù, wọ́n lè ra kílọ́ọ̀ṣì nìkan. Tí mítà bá sì sọ pé kọ́ìlì ti já, kọ́ìlì nìkan náà ṣeé pààrọ̀. Èyí tó dá ṣáṣá sábà máa ń ka bí ohm mẹ́ta sí márùn-ún lójú mítà (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dènà iná).

Ká wá ní àwo ń yí, tí atẹ́gùn sì gbóná. Ẹ wo fáànù ẹ̀yìn rédíétọ̀. Tí ẹ bá tan AC, ó yẹ kó máa yí. Nígbà tí ẹ bá ń sáré lójú títì, atẹ́gùn ọ̀nà ń fẹ́ kọ́ńdẹ́ńsà fúnra rẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù nìkan ló kù. Fáànù tó kú tàbí tó ń yí bí ẹni tó rẹ̀ yóò ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí ẹ kọ: òtútù lórí eré, ooru lórí ìdúró. Ẹ fiyè sí i nígbà tí ẹ bá tún ń bọ̀. Tó bá jẹ́ pé ní kété tí ọ̀nà bá là tí ẹ sáré díẹ̀ ni òtútù ń padà, fáànù tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ pé kò padà bí ẹ tiẹ̀ sáré, àfi tí ẹ bá pa ọkọ̀ tó sinmi, kílọ́ọ̀ṣì ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ẹ wo ojú kọ́ńdẹ́ńsà náà: eruku pupa, kòkòrò, ọ̀rá àti koríko máa ń dí i pa. Omi jẹ́ẹ́jẹ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń tẹ àwọn ewé irin rẹ̀ lérí. Tí atẹ́gùn bá tutù ṣùgbọ́n tí kò lágbára, fílítà tó wà lẹ́yìn àpótí ìwé níwájú èrò ni kí ẹ yọ wò.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń rọ gáàsì lè má fẹ́ gbọ́. Gáàsì tó pọ̀ jù máa ń ṣe bíi gáàsì tó kéré jù. Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sọ irú gáàsì tí ọkọ̀ ń gbà, R134a ni tiyín, àti iye gíráàmù tó yẹ kó gbà. Iye yẹn ni ó yẹ kí wọ́n wọ̀n sí i lórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀gbẹ́ títì ló ń fọwọ́ kan páìpù, tó bá ti tutù a ní ó ti tó. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ó sì ń dùn mí títí di òní pé mo ti gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí rẹ̀. Àárọ̀ ni gáàsì àṣejù kì í fi ara hàn. Lọ́sàn-án, agbára inú páìpù yóò ga sókè, ṣíìṣì yóò gé iná kílọ́ọ̀ṣì, àwo yóò dúró. Wọ́n ti rọ tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ìgbà wo wá ni kọ̀ńpírẹ́sọ̀ jẹ̀bi? Ẹ kọ́kọ́ fetí sí ariwo. Ariwo tó ń dún bí ẹ tan AC bí ẹ kò tan án, béárìn púlì ló sábà máa ń jẹ́, òun náà sì ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀. Ariwo tó jẹ́ pé bí àwo bá ti fà ló ń bẹ̀rẹ̀, gbọngbọn bí òkúta nínú agolo, inú pọ́ǹpù ló ti ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn, páìpù méjì: nígbà tí àwo bá ti yí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n díẹ̀. Èyí tó nípọn yẹ kó tutù, kó máa làágùn. Èyí tó ń ti kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lọ sí kọ́ńdẹ́ńsà yẹ kó gbóná débi pé ọwọ́ kò lè pẹ́ níbẹ̀. Tí ìyàtọ̀ kò bá sí láàárín méjèèjì, yálà gáàsì ti lọ tán tàbí pọ́ǹpù kò fún un pọ̀ mọ́. Géèjì méjì ló ń yà wọ́n. Nínú ooru bíi tiwa, ọkọ̀ tó dá ṣáṣá yóò ka bíi 30 sí 45 psi níhà tó ń fà, àti bíi 200 sí 250 níhà tó ń tì. Tí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì kò tó. Tí méjèèjì bá ga, fáànù, kọ́ńdẹ́ńsà tàbí gáàsì àṣejù. Ṣùgbọ́n tí ìhà tó ń fà bá ga, tí ìhà tó ń tì lọ sílẹ̀, bíi 80 sí 120, tí àwo sì ń yí láìyọ̀, pọ́ǹpù ni kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rí tí mo fi ń dá kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lẹ́bi nìyẹn. Tí ẹni tó ń tún un ṣe bá fi èyí hàn yín lójú géèjì lọ́sàn-án, òótọ́ ló sọ, kí ẹ gbà fún un.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka géèjì fún yín nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa kó sì sọ pé gáàsì tó. Ní ooru 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, R134a yóò ka bíi 97 psi bó bá ṣáà ti ṣẹ́ ku omi rẹ̀ díẹ̀ nínú páìpù, bó kún bó dín. Agolo gáàsì tó ní géèjì kan ṣoṣo náà kò tó láti fi dájọ́, ìhà kan péré ló ń fi hàn. Mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa tú páìpù tàbí rọ gáàsì nílé: gáàsì yìí ń hó ní òtútù tó jìn sísàlẹ̀ òdo, bó bá ta sójú, ó lè ba ojú jẹ́. Gbogbo ohun tí mo kọ yìí wà fún ọkọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì bíi tiyín. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ wọn kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá, tí iwájú rẹ̀ ń yí nígbà gbogbo. Àyẹ̀wò àwo kò wúlò fún wọn. Ti haíbírìdì, iná ńlá ló ń wà á, wáyà olómi ọsàn ló sì máa ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Bó bá wá jẹ́ pé pọ́ǹpù ló kú lóòótọ́, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ nìkan kọ́ ni ìnáwó. Tó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ ló fọ́, ẹ̀kúnná irin ti bá ọ́ìlì lọ sínú kọ́ńdẹ́ńsà. Mo mọ ọkọ̀ kan tó jẹ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ mẹ́ta láàárín ọdún kan nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rántí ibi tí irin àkọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n tú ọ́ìlì àtijọ́ sí orí bébà funfun lójú yín: tó bá dúdú tí ó sì ń dán bíi fàdákà, kọ́ńdẹ́ńsà àti dírayà (agolo kékeré tó ń mu ọ̀rinrin inú gáàsì) gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ní ti tòkunbọ̀, ẹ yan èyí tí ojú ihò rẹ̀ méjèèjì wà ní dídí. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí láti ìgbà tí wọ́n ti tú u, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti mu ọ̀rinrin. Ẹ fọwọ́ yí àwo iwájú: kó yí geerege, kó le díẹ̀, kó má ha, kó má sì fẹ́lẹ́ bí ohun tí kò ní nǹkan nínú.

Ní báyìí, mà, ẹ má tíì san owó kankan. Ẹ yan ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ fi ojú yín wo àwo àti fáànù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Bó bá jẹ́ pé ẹ óò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ní kó fa gbogbo gáàsì jáde sínú ẹ̀rọ, kó wọn iye tó jáde, kó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó wò ó bóyá géèjì yóò dúró, kó tó wá wọn iye tí ìwé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sọ sí i. Iye tó jáde yẹn yóò sọ fún yín bóyá ó ń jò tàbí wọ́n ti rọ ọ́ ní àrọjù. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye bébà tó wọ àárín àwo.